Ihò Tó Bá Ara Akọ Mu

Ihò amọ̀ náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3, ó jìn tó 10 sí 15, ẹnu kan ṣoṣo ló sì ní. Àwọn tó ń sin ẹja zebra pleco nínú àpótí gíláàsì lè jiyàn lórí irú ihò yìí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, wọ́n sì jàre. Bó bá fẹ̀ jù, abo á ráyè sá jáde kó tó yé ẹyin. Bó bá há jù, akọ kò ní wọlé rárá. Ara akọ ni òṣùwọ̀n: kó ráyè wọlé, kí ẹ̀gún ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ti lẹbẹ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ògiri lọ́tùn-ún lósì.

Ẹja àrọ̀ ni, àmọ́ ẹni tó mọ àrọ̀ inú ọbẹ̀ nìkan kò ní dá a mọ̀. Kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 8 tàbí 9 lọ, egungun pẹlẹbẹ ló bò ó lára, ilà dúdú àti funfun tó wà lára rẹ̀ ló sì sọ ọ́ lórúkọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ọjà Yúróòpù, àwọn onímọ̀ kò tíì fún un lórúkọ, ni ìwé ìròyìn DATZ ti Jámánì bá fún un ní nọ́ńbà, L46. Ọdún 1991 ni àwọn onímọ̀ ẹja, Isbrücker àti Nijssen, tó pè é ní Hypancistrus zebra. Ní gbogbo ayé, ibì kan ló ti ń gbé: odò Xingu ní Bràsíl, níbi tí odò náà ti ṣẹ́ kọ́rọ́ nítòsí ìlú Altamira.

Abẹ́ òkúta ló ń fara pamọ́ sí. Àwọn apẹja Altamira a máa wọ ìsàlẹ̀ odò lọ pẹ̀lú rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wá fún wọn láti orí ọkọ̀, wọ́n á wá máa lé ẹja jáde láàárín òkúta. Láti 2004 ni ìjọba Bràsíl ti kà á mọ́ àwọn ẹja tó lè run, síbẹ̀ àwọn onífàyàwọ́ kò sinmi. Lẹ́yìn náà ni ìdídò Belo Monte dé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná wá ní 2016, tó sì darí ọ̀pọ̀ omi odò náà gba ibòmíràn. Kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀ pé àpótí gíláàsì lè rọ́pò odò o. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú àpótí yẹn gba kí èèyàn dúró wò ó.

Àwọn tó ń sin àrọ̀ ní Ìbàdàn tàbí Ìkòròdú mọ ọ̀nà tiwọn: wọ́n á gún abo lábẹ́rẹ́, wọ́n á fún ẹyin rẹ̀ sínú abọ́, wọ́n á pa akọ gba àtọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ á sì pa láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ti L46 kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyin bíi 10 sí 15 ni abo ń yé lẹ́ẹ̀kan, ìgbà tó bá wù ú ló sì ń yé e. Iṣẹ́ ẹni tó ń sìn ín ni pé kó jẹ́ kó wù ú.

Ní Xingu, omi a máa fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á gbóná, ìṣàn rẹ̀ á sì dẹ̀. Bí òjò bá dé, omi tó tutù díẹ̀ á ya wọlé. Ọ̀jáfáfá á ṣe ẹ̀ẹ̀rùn tirẹ̀ nínú ilé. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò ní pààrọ̀ omi tó bẹ́ẹ̀, á dín agbára pọ́ǹpù kù. Nígbà tí òjò gidi bá wá ń ṣú lẹ́yìn fèrèsé (wọ́n ní ẹja mọ̀ ọ́n lára), á da omi tuntun tó tutù sí i lọ́pọ̀, á jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ dáadáa, á sì jẹ́ kí ooru omi gòkè díẹ̀díẹ̀ padà sí 29 tàbí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Bó bá bọ́ sí i, akọ á fìdí kalẹ̀ sínú ihò. Abo tí ikùn rẹ̀ ti yọ á wá yẹ ẹnu ọ̀nà wò, á lọ, á tún padà wá. Bó bá fi lè wọlé pẹ́nrẹ́n, akọ á fi ara dí ẹnu ihò mọ́ ọn. Àtìmọ́lé yìí lè tó ọjọ́ kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrù tó ń gbọ̀n lẹ́nu ihò nìkan ni ẹni tó wà níta ń rí. Ibí yìí gan-an ni àwọn tí kò nísùúrù ti ń ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́: wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á gbé ihò sókè kí wọ́n lè yọjú wò ó. Ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí á pa iná, á dín oúnjẹ kù, á sì lọ wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ẹyin náà tóbi ju bó ṣe yẹ kí ẹyin ẹja kékeré bẹ́ẹ̀ tóbi lọ, wọ́n pọ́n rúsúrúsú, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra wọn. Abo á jáde, ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí. Bàbá ló kù. Tọ̀sán-tòru ló ń fi lẹbẹ́ àti ìrù fẹ́ omi sí ẹyin, kì í sì í fẹ́ fi ibẹ̀ sílẹ̀ nítorí oúnjẹ. Akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di bàbá a máa ti ẹyin síta nígbà mìíràn. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ èèyàn tó wúlò. Wọ́n á kó ẹyin sínú ike kékeré tí omi ń ṣàn gbà kọjá, wọ́n á sì máa yọ èyí tó bá ti funfun kó tó kó bá àwọn yòókù.

Ẹyin á pa lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Àpò oúnjẹ aláwọ̀ ìyeyè tí ìrù wà lẹ́yìn rẹ̀ ni èèyàn á rí, kò tíì lè lúwẹ̀ẹ́. Bí àpò náà ṣe ń fà ni ilà ń yọ, nígbà tó bá sì fi máa di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n ń bọ́ síta, ilà ti pé. Ìbátan wọn púpọ̀ ń ha ewéko omi jẹ, àmọ́ ẹran làwọn wọ̀nyí ń fẹ́: artemia tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ìdin pupa tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù á rà, á sì ba omi jẹ́. Oṣù mẹ́fà lè kọjá kí ọmọ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3.

Lójú tèmi, ìwé àkọsílẹ̀ la fi ń mọ ọ̀jáfáfá, kì í ṣe iye ọmọ. Àwọn Hypancistrus mìíràn láti Xingu, bíi L66 àti L333, lè bá L46 gùn, kí wọ́n sì bímọ tí ilà rẹ̀ dàrú. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í dà wọ́n pọ̀, ó sì ń kọ bàbá, ìyá àti ọjọ́ sílẹ̀. Ní 2022, ìpàdé CITES (àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó lè run) ní Panama fi L46 sí Àfikún Kìíní, tó túmọ̀ sí pé kò gbọ́dọ̀ ré ibodè kọjá láìsí ìwé. Ẹni tó ti ń kọ tirẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í á kàn ṣí ìwé náà ni. Ẹni tí kò kọ nǹkan kan ló máa wá bó ṣe máa ṣàlàyé ibi tí bàbá ẹja rẹ̀ ti wá.