Pákó Ló Ń Fọhùn: Àwàdà Kíkorò Inú Fíìmù Balance

Ní ọdún 1989 ni àwọn ìbejì ará Jámánì, Christoph àti Wolfgang Lauenstein, gbé fíìmù kan jáde tí ẹnikẹ́ni kò ti la ẹnu sọ̀rọ̀. Balance ni wọ́n pè é. Kò gùn ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 lọ, síbẹ̀ ó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar fún ánímẹ́ṣọ̀n kúkúrú ní 1990. Ó rọrùn láti kà á sí ìtàn ojúkòkòrò lásán. Lójú tèmi, ìbéèrè rẹ̀ jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ: ṣé àwọn tó ń bára wọn gbé láìjà fẹ́ràn ara wọn ni?

Ọkùnrin márùn-ún ló dúró lórí pákó fífẹ̀ kan tó léfòó sínú òfuurufú. Ojú wọn jìn wọnú, wọ́n wọ ẹ̀wù gígùn, nọ́ńbà sì wà lẹ́yìn ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnìkan bá sún síwájú, pákó a fì sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àfi kí àwọn yòókù tètè sún sí òdìkejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn a yọ̀ ṣubú. Wọ́n fa ọ̀pá ìwọ̀ yọ lábẹ́ ẹ̀wù, wọ́n sọ ọ́ sísàlẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì wọ́ àpótí wíwúwo kan gòkè. Orin ń bẹ nínú àpótí náà. Olúkúlùkù fẹ́ gbọ́ ọ, ìjà bá dé.

Ọmọlangidi ni gbogbo wọn. Ńṣe ni a ń yí ìdúró wọn díẹ̀díẹ̀, tí a ń yà wọ́n ní fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi di ìrìn. Nítorí náà, ọwọ́ ayàwòrán ló ṣẹ̀dá ìwúwo tí à ń rí yẹn, fífì kọ̀ọ̀kan ló sì dúró fún gbólóhùn. Ẹsẹ̀ ẹnìkan béèrè, ẹsẹ̀ àwọn yòókù dáhùn. Nígbà tí àpótí ń yọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí wọ́n ń sáré kiri nítorí rẹ̀, a rẹ́rìn-ín. Fífì kan náà ló ń da èèyàn sínú ọ̀gbun. Kókó àwàdà kíkorò náà nìyẹn: òfin tó pa wá lẹ́rìn-ín ló ń pa wọ́n.

Ẹ wo ojú wọn kí àpótí tó dé. Kò sí ẹ̀rín, kò sí ọ̀yàyà. Ìbẹ̀rù ìṣubú nìkan ló so wọ́n pọ̀, nítorí náà àpótí kò ba ọ̀rẹ́ kankan jẹ́. Ó kàn tú àṣírí ni. Kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ẹnìkan dànù, àwọn tó kù ṣì gbọ́dọ̀ tún ìdúró wọn ṣe. Níkẹyìn, ó ku ẹnìkan ní igun kan, àpótí sì wà ní igun kejì. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀, ó parí. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.

Ọdún tí Ògiri Berlin wó ni fíìmù yìí jáde, àmọ́ kò sí àsíá tàbí orúkọ ìlú kankan nínú rẹ̀, ìyẹn sì gbè é. Bí àwọn ọkùnrin yìí bá lè sọ̀rọ̀ ni, wọn ì bá wí àwáwí, àwa náà ì bá sì gbè sẹ́yìn ẹnìkan. Àìfọhùn wọn ló gba àwáwí lọ́wọ́ gbogbo wa, òun ló sì sọ fíìmù kékeré yìí di iṣẹ́ ńlá.