Ìwé "Ẹ Má Rà Á": Àríwísí Kékeré

Ìwé kan dé ọwọ́ wa láìpẹ́ yìí. Àwọn ọmọ kéwú wa ni wọ́n mú un wá, láti orí fóònù ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Orúkọ ilé-iṣẹ́ bí ogójì ni ó wà nínú rẹ̀ lábẹ́ àkọlé ńlá: "Ẹ má rà á." Irú ìwé báyìí ti pọ̀ káàkiri láti ìgbà tí ogun Gásà ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. A kà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé olùkọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ gba ìwé gbọ́ kìkì nítorí pé ẹni tí ó kọ ọ́ ń bínú.

Ẹni tí ó kọ ọ́ ní ojú àánú, a kò jẹ́ ṣe àìsọ ìyẹn. Ó mọ̀ pé náírà tí a fi ra ọjà kì í parí sí ọwọ́ ìyá tí ó tà á fún wa ní Ọ̀rọ̀-Àgọ́. Ó ń lọ sí ibi tí ojú wa kò tó. Ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ilé-iṣẹ́ kankan ṣe. Ẹ̀sùn kò sí, ẹ̀rí kò sí, orúkọ nìkan ni. Adájọ́ wo ni yóò gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀?

Wọ́n ti ṣe irú nǹkan yìí dáadáa rí ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1978, ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ pàṣẹ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba kó owó wọn kúrò ní báńkì Barclays. Ẹ̀sùn náà hàn gbangba: ẹ̀ka báńkì náà ní Gúúsù Áfíríkà ti ra ìwé ẹ̀yáwó tí ìjọba ibẹ̀ fi ń wá owó fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ìjọba tí ń tẹ ènìyàn dúdú mọ́lẹ̀. Ní 1979, báńkì ti ilẹ̀ wa di Union Bank. Ní oṣù keje ọdún náà, ìjọba gba ilé-iṣẹ́ BP nítorí epo tí ń lọ sí Gúúsù Áfíríkà, ilé epo BP sì wá di AP. Ní ìlú ọba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pa àkáǹtì wọn dé ní Barclays títí báńkì náà fi kúrò ní Gúúsù Áfíríkà ní 1986. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò rú ẹnikẹ́ni lójú: ẹ kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ó kúrò, ìjà tán.

Ìwé ọwọ́ wa kò ní òpin. Ẹni tí ó bá sì ti ka ìtàn Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) yóò rántí Thumāma, olórí kan láti Yamāma. Nígbà tí ó gba ẹ̀sìn, ó búra fún àwọn ará Mọ́kà pé hóró ọkà kan kò ní ti Yamāma dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́ àfi bí Ànábì bá yọ̀ǹda. Ebi mú wọn, wọ́n kọ̀wé sí Ànábì, ó sì ní kí ọkà máa lọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyí ni wọ́n kọ̀ láti bá ìdílé rẹ̀ rà, kọ̀ láti bá wọn tà, fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta! Òun fúnra rẹ̀ sì ra oúnjẹ àwìn lọ́wọ́ Yahúdì kan ní Mọ̀dínà, ó fi ẹ̀wù irin rẹ̀ dógò.

Nítorí náà, ìlà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ìwé yẹn, pé ẹni tí ó bá rà á ti jáde nínú ẹ̀sìn, ta ni ó fún ẹni tí ó kọ ọ́ ní àṣẹ? Ìlà yìí ni ó mú kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa kọ̀ láti kí ìyá tí ń ta ẹlẹ́rìndòdò lẹ́nu ọ̀nà ilé-kéwú, obìnrin tí ń kírun ju òun lọ, tí ó jẹ́ pé èrè ìgò yẹn ni ó fi ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Àwa náà ti fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú àwọn ọjà yẹn. A mọ ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe, a sì mọ ohun tí a fẹ́ kí ó ṣe kí á tó padà sí i. A ti ní kí àwọn ọmọ lọ tún ìwé wọn kọ, kí wọ́n kọ ẹ̀sùn sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọn kò bá rí ẹ̀sùn rẹ̀, kí wọ́n pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́rìndòdò ni a ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́.