Lẹ́tà Tí A Tì Bọ Omi

Àwọn tí ń kó eré fídíò àtijọ́ jọ ní òfin kan: eré kò pé àfi bí páálí, ìwé ìlànà àti kásẹ́ẹ̀tì bá wà pa pọ̀. StarTropics, tí Nintendo gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1990, da òfin yìí rú mọ́ wọn lójú. Lẹ́tà kan wà nínú páálí rẹ̀, tí Ọ̀mọ̀wé Jones kọ sí Mike. Bí eré ti ń lọ, a ó ní kí ẹni tí ń ṣe é ti lẹ́tà náà bọ omi. Ìgbà náà ni nọ́ńbà 747 yóò hàn, èyí tí yóò tẹ̀ kí ọ̀nà tó là. Omi gidi ni o, kì í ṣe ti inú ẹ̀rọ. Ẹni tí ó ra kásẹ́ẹ̀tì nìkan yóò dúró sójú kan, àfi bí ẹnìkan bá ta á lólobó.

Lẹ́tà tí omi kò kàn rí ni àwọn olùkójọ ń lé kiri. Ibẹ̀ ni a ti yapa sí wọn. Lẹ́tà tí kò tíì jẹ́ iṣẹ́ tí a fi rán an kò pé lójú tiwa. Àrokò tí a kò tú ni. Èyí tí omi ti rún ni ó pé. Síbẹ̀, bí a bá gbé èyí tí kò tíì tutù lé wa lọ́wọ́ lónìí, ọwọ́ wa yóò gbọ̀n kí a tó fa abọ́ omi súnmọ́ ọ.