Eyín Àtọwọ́dá Tí Kò Gbọ́ Yorùbá

 Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín, fi ìwé ìléwọ́ kan ránṣẹ́ sí mi lóṣù tó kọjá. Ìwé náà ni wọ́n fi ń kọ́ wọn bí inú ẹnu ṣe rí àti bí a ṣe ń ṣètò eyín àtọwọ́dá. Ó ní, “Prof, ẹ bá wa wò ó, ó jọ iṣẹ́ tiyín.” Ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni, torí ó mọ̀ pé èmi náà ti ń lo eyín àtọwọ́dá láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n mo kà á tán, mo sì ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ohun tó yẹ ní yíyìn. Ìwé náà ṣàlàyé dáadáa ìdí tí eyín òkè fi máa ń lẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ: àjà ẹnu fẹ̀, ike rí ibi bò, itọ́ sì ń mú un lẹ̀. Erìgì tóóró ni ti ìsàlẹ̀ rí jókòó lé, ahọ́n tún wà níbẹ̀ tó ń tì í kiri. Ó to ètò Kennedy ti ọdún 1925, tó pín àlàfo eyín tó ti yọ sí ọ̀nà mẹ́rin, lẹ́sẹẹsẹ débi pé èmi tí kì í ṣe dókítà lóye rẹ̀.

Ibi tí ìwé náà ti kọsẹ̀ ni ojú ìwé kan ṣoṣo tó yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ sísọ. Ó ní kí aláìsàn ka fifty dé fifty-nine kí dókítà lè gbọ́ f àti v, kó sì ka sixty dé sixty-nine fún s. Ìdánwò náà nídìí o. Bí a bá ń pe f, etí eyín òkè ló ń kan ètè ìsàlẹ̀. Bí eyín bá gùn jù tàbí tó kúrú jù, f á bàjẹ́. Bí a bá ń pe s, eyín òkè àti tìsàlẹ̀ á súnmọ́ra láì kanra. Bí wọ́n bá ń lu ara wọn, wọ́n ti gbé eyín ga jù nìyẹn. Silverman ti kọ̀wé lórí èyí ní 1953. Mi ò bá wọn jà níbẹ̀. Ìjà mi ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀.

Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní v. Ó ní p àti gb, afàfàséfètèpè, tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Ẹ rántí kíláàsì wa: ètè pa dé, ẹ̀yìn ahọ́n kan àfàsé, lẹ́ẹ̀kan náà. Ìtòsí ibẹ̀ ni etí ike òkè máa ń parí sí, níbi tí àjà ẹnu líle ti pàdé àfàsé. Bí etí ike bá nípọn jù, ẹ̀yìn ahọ́n á máa kọlù ú. Fifty-five kò lè fi ìyẹn han dókítà láéláé.

Ẹlòmíràn á ní kí aláìsàn kúkú kà á ní Yorùbá. Ẹ kà á wò. Láti ení dé ẹ̀wá, f kan ló wà níbẹ̀, nínú ẹ̀fà. S kan, nínú ẹ̀sán. Kò sí ṣ, kò sí k, kò sí g, kò sí p, kò sí gb. Ìtumọ̀ lásán kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí eyín tèmi ṣì wà nínú ìda, mo ka sixty dé seventy, dókítà ní, “Bàbá, ó já gaara.” Ìda di ike. Lọ́sẹ̀ kejì mo ní kí ọmọ-ọmọ mi bá mi sá aṣọ. Ó ní, “Bàbá àgbà, ṣé kí n fi àdá ṣá a ni?” Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ó lé kọ́ni ní ìyàtọ̀ s àti ṣ! Mo padà lọ, wọ́n ní àwọn ń gbọ́ mi dáadáa.

Òótọ́ ni, wọ́n ń gbọ́ mi. Ohùn ló gbà mí. Tán-án-ná ló ń gbé ohùn jáde, eyín kò sí nídìí rẹ̀. Bí dùndún ṣe ń fi ohùn sọ̀rọ̀ tí a sì ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni etí ọmọ Yorùbá ṣe ń bo àbùkù kọ́nsónáǹtì mọ́lẹ̀. Nítorí náà, “mo gbọ́ yín” kì í ṣe ẹ̀rí pé eyín dára. Mo mọ àgbàlagbà tó ń yọ eyín sápò kó tó sọ̀rọ̀ nípàdé ẹbí. Mo mọ òmíràn tó kàn ń mi orí. Ẹni tó ti sọ̀rọ̀ jẹun rí, ẹ fojú inú wò ó.

Àbá mi kò gba owó. Kí eyín tó kúrò nínú ìda, nígbà tí àtúnṣe ṣì rọrùn, kí aláìsàn sọ gbólóhùn mẹ́ta: “Afẹ́fẹ́ fẹ́ fìlà.” “Mo sá aṣọ, aṣọ ṣá.” “Gbogbo àgbà gbé pákó gbígbẹ.” Kí wọ́n sì ti gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù kí wọ́n tó yọ eyín tó kù, torí ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ni kì í ya s àti ṣ sọ́tọ̀ láti ilé wá. Ẹjọ́ eyín kọ́ nìyẹn.

Dókítà eyín ni Oakley Coles, ará Lọ́ńdọ̀nù, tó fi ìyẹ̀fun kun àjà ẹnu ní àwọn ọdún 1870 láti mọ ibi tí ahọ́n ń kàn. Ọgbọ́n yẹn la yá tí a fi ń kọ́ fònẹ́tíìkì. Gbèsè wọn wà lọ́rùn wa. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń kọ́ni, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn àwọn oníṣègùn eyín tó wà lọ́gbà yín. Mo ti fi gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Ó ní òun á fi han olùkọ́ òun. A ń retí.