Òkè Láńgbòdó Tayọ Òkè Ìrònú: Àtúnkà Àwọn Ìtàn Ọdẹ Fágúnwà

Ìtàn-àròsọ márùn-ún ni Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà kọ kí ọlọ́jọ́ tó dé ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ló ṣáájú ní 1938. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tẹ̀ lé e ní 1949, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje jáde ní 1954, Àdììtú Olódùmarè sì kádìí rẹ̀ ní 1961. Ayọ̀ Bámgbóṣé ti fi odidi ìwé yẹ̀ wọ́n wò ní 1974. Síbẹ̀, bí a bá ti dárúkọ ọkùnrin ará Òkè-Igbó yìí láàárín ara wa, ìyìn àpapọ̀ la máa ń fún gbogbo wọn: èdè wọn dùn, ẹ̀kọ́ kún inú wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyìn àpapọ̀ kì í jẹ́ kí á dá iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé fi gbogbo ara ṣe mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó kàn tún ṣe. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìrìn àjò sí Òkè Láńgbòdó, tó wà ní apá ìkẹyìn Ògbójú Ọdẹ. Èyí tó kẹ́yìn lójú mi nínú àwọn ìtàn ọdẹ rẹ̀ ni Ìrìnkèrindò. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi wọ̀n wọ́n, ìyẹn ẹgbẹ́ tí akọni kó lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́ nínú Ògbójú Ọdẹ, akọni rẹ̀, Àkàrà-oògùn, nìkan ló wọ Igbó Irúnmalẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bá Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún wọ̀yá ìjà. Ibẹ̀ náà ni Ìrànlọ́wọ́, arẹwà obìnrin, ti yọ sí i nígbà tí ìyà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á kú. Àwọn orí wọ̀nyẹn dùn, àmọ́ ọdẹ kan là ń wò, àti ọfọ̀ rẹ̀, àti ìbọn rẹ̀, àti ìbẹ̀rù rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá le ju bó ṣe yẹ lọ, oògùn egbé á gbé e dé ilé.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ọba ìlú rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ dé Òkè Láńgbòdó, tí ìtàn náà sì yí padà pátápátá. Kákò oníkùmọ̀ ẹkùn ló ni agbára. Ìmọ̀dòye, tó ti lo ọdún méje lọ́dọ̀ ààjà, ló ni òye. Ọlọ́hùn-iyọ̀ ló ni orin. Ojú mẹ́ta ni Ẹlẹ́gbède-ọdẹ ní, méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ó sì gbọ́ èdè ẹranko. Ìyẹ́ ló bo ara Ẹ̀fọ̀-ìyẹ́, ọfà sì ni tirẹ̀. Ti Àràmàdà-ọkùnrin ló ṣàjèjì jù: bí òtútù bá mú ará ayé, òun á máa làágùn, bí ooru bá mú wọn, òun á máa gbọ̀n. Àkàrà-oògùn fúnra rẹ̀ ló ṣe ìkeje wọn.

Kò sí méjì tó jọra nínú wọn. Bí Fágúnwà bá sì ti sọ ẹ̀bùn ọdẹ kan fún wa, ó ti jẹ wá ní gbèsè. A óò máa retí ọjọ́ tí ẹ̀bùn náà yóò wúlò. Nígbà tí wọ́n bá dé iwájú Ògóńgò ọba ẹyẹ, tàbí Wèrè-ọ̀run, tàbí Ẹ̀gbin, kì í ṣe pé bóyá wọn yóò borí nìkan ni òǹkàwé ń rò. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé èwo nínú wọn ni iṣẹ́ òní kàn. Ìbéèrè yẹn ló ń mú ọmọdé ṣí ojú ewé tó kàn.

Ní ọdún 36 lẹ́yìn ìwé yìí, ní 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Eré ìdí tábìlì ni, tí kálukú ti ń gba ipa akọni kan: ẹnì kan á ṣe jagunjagun, ẹnì kan á ṣe onídán, ẹnì kan á ṣe àlùfáà, wọn á sì jọ kọjú sí ewu. Dragon Quest II àti Final Fantasy, tí méjèèjì jáde ní 1987, gbé irú eré bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ ní Japan. Nínú Final Fantasy àkọ́kọ́, akọni mẹ́rin ni ẹni tó ń ta á máa yàn láti inú oríṣi iṣẹ́ mẹ́fà, bó bá sì ṣe yàn wọ́n ni ìrìn rẹ̀ yóò ṣe le tàbí rọrùn tó. Ohun tí gbogbo wọn gbára lé ni pé ẹnì kan kò lè dá a ṣe. Fágúnwà ti mọ èyí ní 1938. Kò sì jọ pé ọ̀dọ̀ John Bunyan, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ The Pilgrim's Progress, ló ti rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn míṣọ́nnárì ti túmọ̀ ìwé Bunyan sí Yorùbá tipẹ́, nítorí ní apá kìíní ìwé náà, arìnrìn-àjò ti Bunyan kì í sábà ní ju alábàárìn kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àlọ́ wa, níbi tí olúkúlùkù ọmọ ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ yọ ẹni kan nínú ewu, sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìgbómìnà ní ojú tó lè fi rí irú àkójọ báyìí. Ní Èsìẹ́, ìlú Ìgbómìnà kan tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán, ère òkúta tó lé ní 800 ló wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọdún 1933 ni H. G. Ramshaw, tó ń bẹ àwọn ilé-ìwé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì C.M.S. wò, ròyìn wọn fáwọn ará ìta. Àwọn ará ìlú ti mọ̀ wọ́n, wọ́n sì ti ń bọ wọ́n kó tó débẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ní Èsìẹ́ ni pé èèyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀, àjèjì tó wá, tó sì di òkúta. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò wọ́n yóò rí i pé iṣẹ́ wọn kò pa pọ̀. Òmíràn jókòó sórí àpótí bí ìjòyè, òmíràn di idà mú, òmíràn mú ohun èlò orin dání. Bí a bá dúró níwájú wọn, kò sẹ́ni tó ń sọ fún wa kí a tó máa bi ara wa pé kí ni èyí wá ṣe, kí ni tọ̀hún wá ṣe. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká fi ka àwọn ọdẹ méje. Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà tó máa ń dùn mí. Obìnrin pọ̀ nínú àwọn ère Èsìẹ́. Kò sí ẹyọ obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ tó lọ sí Láńgbòdó.

Obìnrin tó sún mọ́ ẹgbẹ́ náà jù, òkú rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó Kákò gan-an ni Àkàrà-oògùn wá pè é. Ìyàwó di mọ́ ọkọ rẹ̀, ó ní kò gbọdọ̀ fi òun sílẹ̀. Àdá ni Kákò fi dá a lóhùn. Ó pa á, ó sì bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn kan á ní àsọdùn ìtàn ọdẹ ni, kí á má wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi kò gbà. Kò sí ibòmíràn nínú ìwé márààrún tó ti hàn tó báyìí pé iṣẹ́ tí ọba rán akọni, ará ilé akọni ló ń san díẹ̀ nínú owó rẹ̀. Fágúnwà kò sì pẹ́ lórí rẹ̀. Kò jẹ́ kí ikú náà bá wọn rìn. Kákò ń ja ìjà ajùmọ̀jà lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ nílé, àwọn mẹ́fà yòókù kò sì bi í ní ìbéèrè. Ẹgbẹ́ tó fi ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìrìn yẹ kó ru ẹ̀jẹ̀ náà dé òkè. Mo ka èyí sí àbùkù tó tóbi jù nínú ìwé tí mo fẹ́ràn jù. Síbẹ̀, pé Fágúnwà kọ ọ́ rárá, tí kò fi bò, ni kò jẹ́ kí Kákò di alágbára lásán tí a ń pàtẹ́wọ́ fún. A ń bẹ̀rù rẹ̀ bí a ṣe ń fẹ́ kó borí.

Àbùkù kejì wà ní ìparí. Wọ́n dé Láńgbòdó tán, wọ́n di àlejò Ìrágbèje, onílé oníyàrá méje, tó ń fi ìtàn kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ méje gbáko. Lójú ẹsẹ̀, ìyàtọ̀ àárín àwọn ọdẹ parẹ́. Olójú mẹ́ta jókòó, tafàtafà jókòó, olórin dákẹ́. Gbogbo wọn di ọmọ kíláàsì kan náà. Olùkọ́ ni Fágúnwà, C.M.S. ló sì kọ́kọ́ tẹ ìwé náà, nítorí náà a mọ ibi tí ohùn yẹn ti wá. Àwọn ìtàn kéékèèké inú rẹ̀ dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò ti dúró ní ẹnu ọ̀nà Ìrágbèje.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ Fágúnwà dunjú ni yóò fi Igbó Olódùmarè ṣáájú, mo sì mọ ìdí. Ìwé yìí padà sẹ́yìn sí ìran tó ṣáájú: Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-oògùn, ni akọni rẹ̀. Ìfanfà òun àti Èṣù-kékeré-òde ní ẹnu bodè igbó, kí wọ́n tó di ara wọn mú, ni ibi tí mo rò pé èdè Fágúnwà ti ga jù. Ọ̀rọ̀ ń lu ọ̀rọ̀, ìhàlẹ̀ ń gun orí ìhàlẹ̀, kò sí gbólóhùn kan tó sùn. Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí a kì í sábà mẹ́nu bà. Nínú igbó yìí ni Olówó-ayé ti rí Àjẹ́díran, tó sì fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ti ka ìwé àkọ́kọ́ mọ bí ìfẹ́ náà yóò ṣe parí. Ó ti gbọ́ lẹ́nu Àkàrà-oògùn pé àjẹ́ ni ìyá òun, pé bàbá òun yìnbọn fún ẹran lálẹ́ ọjọ́ kan, ó tọ ipa ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì gbé e dé ilé ara rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn àárín ọkọ àti ìyàwó nínú Igbó Olódùmarè ni ikú ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òǹkọ̀wé kò ní láti tún sọ ọ́. Iṣẹ́ ọgbọ́n gidi ni èyí, òǹkàwé tó bá sì mú ìwé kejì ṣáájú àkọ́kọ́ yóò pàdánù rẹ̀. Kí ló wá dé tí n kò fi í ṣe àkọ́kọ́? Olówó-ayé fúnra rẹ̀ ló ń gba ẹ̀rù ìtàn náà rù fún ìgbà pípẹ́ jù. Ó lágbára, ó lẹ́nu, ó lóògùn. Èmi ń wá ẹni tí yóò ní ohun tí Olówó-ayé kò ní, kí Olówó-ayé lè nílò rẹ̀.

Ìrèké Oníbùdó àti Àdììtú Olódùmarè gba ọ̀nà mìíràn, n kò sì ní fi òṣùwọ̀n ẹgbẹ́ dá wọn lẹ́jọ́. Adárìn ni akọni méjèèjì. Ìrèké dé ìsàlẹ̀ omi ní ìjọba Arògìdìgbà, ó sì rí Ìfẹ́pàdé. Àdììtú jìyà títí, ó di olówó, ó kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí Ìyùnadé. Àwọn lẹ́tà yẹn fi hàn pé Fágúnwà ti ń wo àwọn ọ̀dọ́ ayé rẹ̀ dáadáa ní 1961.

Ìrìnkèrindò ló wá kù. Ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, kò ṣaláìsí. Ọdẹ ni wọ́n, igbó ni wọ́n là kọjá, òkè ni wọ́n ń wá, ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì bá níbẹ̀. Ọdún 16 ti kọjá lẹ́yìn Ògbójú Ọdẹ, ọ̀nà kan náà là tún ń tọ̀. Mi ò ní àtúnṣe burú. Onílù ń tún ìlù lù, a sì ń jó o. Àwọn tó ń ṣe Final Fantasy ti tún ìrìn akọni ṣe láìmọye ìgbà, àwọn èèyàn sì ń rà á. Ohun tí mo ń bá ìwé yìí wí ni pé ó tún ètò ṣe, kò tún ìdí tí ètò náà fi dùn ṣe. Àwọn ọdẹ Láńgbòdó, mo lè pa ìwé dé kí n sọ ẹ̀bùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọdẹ Ìrìnkèrindò, orúkọ wọn ń pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ bí a bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì nínú ìjà, ìjà náà kò ní yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ń lọ pàápàá kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìlú ni Láńgbòdó: ó ní ọba, ó ní ilé, ó ní ẹni tó ń gbani lálejò. Òkè Ìrònú, tí àwọn ti Ìrìnkèrindò ń wá, ti jẹ́ ẹ̀kọ́ kó tó jẹ́ ibi kankan, òǹkàwé sì ti mọ ohun tí wọn yóò bá níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ nílé.

Ibì kan ló gba ìwé náà là, ìyẹn Èdìdàrẹ́, ìlú àwọn òmùgọ̀. Níbẹ̀ ni Fágúnwà ti pa ìwàásù tì, tó jẹ́ kí ẹ̀rín ṣe iṣẹ́ fún un. Mi ò ní jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan fo Èdìdàrẹ́. Ìyókù ìwé náà lè dúró de ìgbà tó bá dàgbà.

Nígbà tí Wálé Ògúnyẹmí ń wá ohun tí yóò fi Fágúnwà ṣe lórí ìtàgé, ìrìn àjò Láńgbòdó ló mú, eré náà sì ni Nàìjíríà gbé síta ní àjọ̀dún àṣà FESTAC ní Èkó ní 1977. Ó tọ̀nà. Ìtàn tí ẹni méje ti ní iṣẹ́ méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti jẹ́ eré kí a tó gbé e dé orí pátákó. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá ní Òmù-Àrán, ní Èsìẹ́, ní Ìlá àti níbi gbogbo tí ẹ ti ń kọ́ ọmọ ni pé kí ẹ má ṣe máa fi Fágúnwà ṣe ìwé àkàsórí fún ìdánwò nìkan. Ẹ pín àwọn ọdẹ Láńgbòdó fún ọmọ méje, kí kálukú di ẹ̀bùn tirẹ̀ mú, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn pinnu ẹni tí yóò jáde sí Ògóńgò. Ọmọ kẹjọ ni kí ẹ fún ní ipa ìyàwó Kákò, kí ẹ sì fún un láyè kó sọ tẹnu rẹ̀ tán.