Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Àṣà Arméníà

Mo kan sáárá sí àwọn ọ̀dọ́ tó yan ẹ̀kọ́ nípa àṣà àti ìtàn Arméníà láàyò ní yunifásítì. Ní UCLA, ní Los Angeles, àga ọ̀jọ̀gbọ́n ti wà fún ẹ̀kọ́ yìí láti ọdún 1969. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà jẹ́ àtọmọdọ́mọ àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ ìpakúpa àwọn ará Arméníà ní ọdún 1915. Àwọn mìíràn kò bá Arméníà tan rárá.

Wọ́n ń kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì Arméníà tí Mesrop Mashtots gbé kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 405, lẹ́tà 36 nígbà náà. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti dùn jù, lójú tèmi, ni ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé àtijọ́ máa ń kọ sí òpin ìwé àfọwọ́kọ. Níbẹ̀ ni yóò ti sọ orúkọ rẹ̀, ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ibi tó ti kọ ọ́, nígbà mìíràn ogun tó ń jà lóde, yóò sì bẹ òǹkàwé pé kó rántí òun nínú àdúrà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń dá ẹni tó ti kú láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn lóhùn.

Irú ìwé àfọwọ́kọ bẹ́ẹ̀ kan ni ìwé ìwàásù ìlú Mush, tó wúwo tó nǹkan bí kílò 28. Nígbà ìpakúpa 1915 yẹn, wọ́n ní obìnrin méjì ló gbé e sá lọ. Wọ́n pín in sí méjì kó lè ṣeé gbé. Ó wà ní Matenadaran, ilé ìkówèésí ìwé àfọwọ́kọ ní Yerevan, dòní.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní irú ẹ̀kọ́ yìí lòun fẹ́ ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tì í lẹ́yìn.