Man on Ground: A Fẹ́ Bú Wọn, Fíìmù Yìí Ò Jẹ́

Akin Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ kì í ṣe ọmọdé nídìí fíìmù nígbà tó gbé Man on Ground lọ sí àjọ̀dún fíìmù Toronto ní 2011. Ó ti ṣe God Is African ní 2003. Àmọ́ èyí kàn án lára. Ọmọ Kọ́lé Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ni, òǹkọ̀wé ará Àkúrẹ́ tó kó ìdílé rẹ̀ lọ sí South Africa ní 1992. Àlejò ni wọ́n níbẹ̀. Ní oṣù Èbìbí 2008, èèyàn 62 kú nínú rògbòdìyàn tí wọ́n fi ń lé àlejò. Wọ́n dáná sun Ernesto Nhamuave, ará Mòsáńbíìkì, láàyè. Ibẹ̀ ni fíìmù yìí ti jáde. Òun, Rosie Motene àti méjì nínú àwọn òṣèré rẹ̀ ni wọ́n jọ gbé e jáde.

A jọ wò ó ní Ọ̀wọ̀, àwa mẹ́fà, méjì wa ti Ifọ̀n wá. Ká sòótọ́, a jókòó láti bú àwọn ará South Africa ni.

Ade (Hakeem Kae-Kazim) ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó dé Johannesburg, ó gbọ́ pé arákùnrin òun, Femi (Fabian Adeoye Lojede), ti sọnù. Ó wá a dé ọ̀dọ̀ Timothi (Fana Mokoena), ọ̀gá Femi tẹ́lẹ̀. Ni ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ níta, tí àwọn méjèèjì jọ há mọ́lé lóru. Ibí yìí ló dùn jù. Timothi kì í ṣe èèyànkéèyàn, ó gba àlejò sílé, àmọ́ ó mọ̀ ju ohun tó ń sọ lọ. Ọ̀tá tí a wá wò jọ bọ̀ọ̀dá àdúgbò wa.

Ó fà níbòmíì, kò sírọ́. Lindiwe, àfẹ́sọ́nà Femi, kò sì rí àyè sọ̀rọ̀ tó.

Láti ọjọ́ 5 oṣù Òkúdù 2022 tí wọ́n pa bíi èèyàn 40 ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis níbí, ojú tí à ń fi wo ẹni tí a ò mọ̀ ti yí padà. Ẹ̀rù wa kì í ṣe irọ́, a sin òkú. Ọ̀kan nínú wa ló wá dárúkọ Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n: obìnrin tó tinú igbó wá di ayaba, tí àwọn orogún fi èèwọ̀ lé jáde. Ọdọọdún la ṣì ń ṣe Igogo nítorí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Nígbà tí fíìmù parí, ẹnìkan tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà ní Johannesburg jáde lọ pè é. Fóònù dún títí, kò gbé e. Ó tún un pè. Ibi iṣẹ́ ló wà, ó ń béèrè pé kí ló dé.